Àpò fúláwà kan, búrẹ́dì mélòó?

Bí oníṣirò owó bá ti dárúkọ "internal control", ọkàn ọ̀pọ̀ oníléeṣẹ́ kékeré a lọ sórí kámẹ́rà àti ọlọ́dẹ ẹnu géètì. Ohun tó túmọ̀ sí ni ìlànà tí iléeṣẹ́ fi ń ṣọ́ ara rẹ̀, kí ẹrù má sọnù, kí ìwé ìṣirò má sì parọ́.

Ẹ jẹ́ ká yà sí ilé búrẹ́dì. Kìlò 50 ni àpò fúláwà kan. Ká ní wọ́n po omi, ṣúgà, bọ́tà àti yíìsì mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ wá di kìlò 80. Bí wọ́n bá ń gé e ní gíráàmù 500, búrẹ́dì 160 ló yẹ kó wọ ààrò. Àmọ́ 148 ni wọ́n kà. Méjìlá dà? Kí ọ̀gá tó na ìka sí ẹnikẹ́ni, kó kọ́kọ́ yẹ òṣùwọ̀n wò. Òṣùwọ̀n tó bá ń gé gíráàmù 540 láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, 148 náà ló máa fún wọn. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ràn ètò yìí jù: ó ń yọ aláìṣẹ̀ nínú ẹ̀sùn.

Ìlànà kejì ni pé kí ọwọ́ kan má ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń yọ fúláwà ní stóò kọ́ ló yẹ kó máa kọ ìwé stóò. Ẹni tó ń ka búrẹ́dì sínú ọkọ̀, kó má gbowó. Níbi tí òṣìṣẹ́ ò bá ju mẹ́rin lọ, èyí ò rọrùn, nítorí náà ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni kó máa ka àpò òfìfo nírọ̀lẹ́. Bí ìwé bá ní àpò méje ló jáde, àpò òfìfo méje ló yẹ kó wà nílẹ̀.

COSO, ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, gbé ìlànà tó gbajúmọ̀ jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1992, wọ́n sì tún un ṣe ní 2013. Ìwà àwọn tó wà lókè ló fi ṣe ìpìlẹ̀. Òótọ́ sì ni. Ọ̀gá tó ń mú búrẹ́dì márùn-ún fún àlejò láìkọ ọ́ sílẹ̀ ti ba ìṣirò ọjọ́ yẹn jẹ́, gbogbo òṣìṣẹ́ ló sì rí i. Kò sẹ́ni tó ní kó má mú un o. Kó ṣáà kọ ọ́ sínú ìwé tí àwọn yòókù ń kọ: "5, ọ̀gá."