Bó bá jẹ́ orí ló yàn án, kí ló dé tí wọ́n ṣì ń mú olè?

Tí wọ́n bá mú olè lọ́jà tó wá ń sọ pé "ẹ má bínú, ohun tí mo yàn wá láyé nìyí", wọ́n á kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín ná kí wọ́n tó fún un ní tiẹ̀. Kò sí baálẹ̀ tó máa gba àwíjàre yẹn, ká má tíì wá sọ kọ́ọ̀tù. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yẹn náà ló máa délé tí wọ́n á ní àyànmọ́ ò gbóògùn. Báwo lọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe ń gbé inú ilé kan láìjà?

Bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀ orí rèé. Òrìṣà-ńlá ló ń mọ ara, Olódùmarè ló ń fún un ní ẹ̀mí, lẹ́yìn náà lonítọ̀hún á wá lọ sílé Àjàlá amọrí láti mú orí tó máa gbé wáyé. Èyí tó kúnlẹ̀ yàn ni àkúnlẹ̀yàn, èyí tí wọ́n fún un lórí ìkúnlẹ̀ ni àkúnlẹ̀gbà, èyí tí wọ́n so mọ́ ọn ni àyànmọ́, tó bá sì ti kọjá bodè báyìí, ó ti gbàgbé gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Wàhálà ibẹ̀ ni Àjàlá fúnra ẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ o, àmọ́ onígbèsè paraku ni, kì í sì í fara balẹ̀, orí míì wà tí kò sun jinná, òmíì ti sán, tẹ́ ẹ bá sì fojú lásán wò wọ́n, gbogbo wọn ló ń dán.

Nínú Ogbè Ògúndá, ọ̀kan nínú àwọn odù Ifá, ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló ń bọ̀ wáyé: Oríṣèékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìjà, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má yà síbì kankan. Àwọn méjì àkọ́kọ́ gbọ́ràn, wọ́n lọ tààrà, wọn ò bá Àjàlá nílé, wọ́n mú orí tó wù wọ́n lójú, òjò pa wọ́n lọ́nà, orí yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ìgbà tí wọ́n dáyé, orí títúnṣe ni gbogbo èrè iṣẹ́ wọn ń bá lọ. Afùwàpẹ́ ní tiẹ̀ yà sọ́dọ̀ bàbá ẹ̀, wọ́n difá fún un, ó rúbọ, wọ́n ní kó mú iyọ̀ àti owó dání. Iyọ̀ yẹn ló fún oníbodè kan tó ń fi eérú sebẹ̀, oníbodè bá tú àṣírí Àjàlá fún un. Owó yẹn ló fi san gbèsè tí Àjàlá tìtorí ẹ̀ sá sórí àjà, ni Àjàlá bá fọwọ́ ara ẹ̀ ṣa orí tó le fún un.

Ẹ wò ó dáadáa. Àwọn tó gbọ́ràn ló jìyà, ẹni tó yà nílé bàbá ló là. Iyọ̀ tó fún oníbodè, ìwà ọmọlúàbí nìyẹn, ṣùgbọ́n ta ló sọ fún un pé kó mú iyọ̀? Bàbá ẹ̀ lawo. Tó bá jẹ́ òde òní ni, a máa ní ó mọ èèyàn ní ọ́fíìsì ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin, filọ́sọ́fà ni, ti béèrè ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́: ohun téèyàn mú láìmọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ṣé ó yàn án lóòótọ́? Tí kò bá yàn án, báwo la ṣe fẹ́ fi dá a lẹ́bi?

Ibi tí wọ́n wá fọgbọ́n sí ni pé orí nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ifá ní àwọn orí ṣèpàdé nígbà kan, wọn ò pe ẹsẹ̀, gbogbo àbá tí wọ́n dá ò rẹ́ni gbé e rìn. Ẹsẹ̀ yẹn ni ìgbìyànjú. Ìwà tún dá dúró ní tiẹ̀: àwọn onímọ̀ kan ní ọlà, òṣì, ọmọ àti ẹ̀mí gígùn lorí ń gbé wá, orí ò gbé olè jíjà wá. Ohun téèyàn bá fọwọ́ ara ẹ̀ fà wọlé, àfọwọ́fà là ń pè é, ẹjọ́ àfọwọ́fà sì ni baálẹ̀ ń dá, kì í dá ẹjọ́ orí.

Àwọn Gíríìkì gba ọ̀nà míì. Wọ́n ní Zeno, filọ́sọ́fà tó ń kọ́ni ní Athens ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Jésù, ń na ẹrú ẹ̀ tó jalè, ẹrú ní àyànmọ́ òun ni kóun jalè, Zeno ní àti kí wọ́n nà án náà. Ó pani lẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dáhùn nǹkan kan, ẹni tó ní pàṣán lọ́wọ́ ló kàn borí.

Ihò ńlá ṣì wà nínú ti Yorùbá náà ṣá. Tó bá jẹ́ orí ló ń gbé òṣì wá, ẹni tó kówó omi ẹ̀rọ ìlú jẹ lè jókòó kó máa sọ fáwọn tó ń pọnmi lódò pé bí kádàrá wọn ṣe rí nìyẹn (kádàrá yìí pàápàá, ọ̀dọ̀ Lárúbáwá lọ̀rọ̀ náà ti wá, àwọn Mùsùlùmí náà sì ti bá ara wọn jiyàn lórí ẹ̀ títí). Wọ́n tún ní ayé lè ba orí rere jẹ́, tí nǹkan ò bá wá lọ déédéé, dípò kí wọ́n yẹ àfọwọ́fà wò, ìyá arúgbó kan ládùúgbò ni wọ́n á máa pè ní àjẹ́, ẹni tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀ lá wá jẹ̀yà. Àjàlá tó mọ orí tó sán ńkọ́? Nínú gbogbo ìtàn yẹn, ẹni tó jẹ lówó nìkan ló wá a wálé.