Báwo ni ilé iṣẹ́ ṣe di baba onílé ní Ṣáínà?

Ìbéèrè: Wọ́n ní láyé Mao Zedong, olórí Ṣáínà nígbà náà, ibi iṣẹ́ ló ń fún èèyàn nílé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gbàṣẹ ìgbéyàwó. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, ó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Danwei ni wọ́n ń pe irú ibi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárín ìlú, ì báà jẹ́ ilé iṣẹ́ irin, ilé ìwòsàn tàbí yunifásítì. Ọgbà ńlá ni, ògiri yí i ká, ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu géètì. Inú ọgbà yẹn ni òṣìṣẹ́ ń sùn, níbẹ̀ ni jẹ́léósinmi ọmọ rẹ̀ wà, dókítà náà ò jìnnà. Tó bá di ọ̀sán, á gbé abọ́ tánganran rẹ̀, á lọ tò níwájú ilé ìdáná. Ọ̀pọ̀ yàrá ni kò ní balùwẹ̀, nítorí náà danwei a máa pín tíkẹ́ẹ̀tì ilé ìwẹ̀. Òfin adójútòfò òṣìṣẹ́ ọdún 1951 tún fi owó ìfẹ̀yìntì àti ìsinmi ọjọ́ 56 fún abiyamọ kún un.

Ìbéèrè: Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀?

Ìdáhùn: Lójú tèmi, òógùn ara wọn ni wọ́n ń jẹ. Owó oṣù kéré, ìjọba ló ń kó èrè. Èyí tí kò wọ àpò òṣìṣẹ́ ló gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé bí ilé àti ìtọ́jú. "Abọ́ ìrẹsì onírin" ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà: bó já bọ́, kò ní fọ́. Wọn kì í sábà lé èèyàn. Àmọ́ fáìlì tí wọ́n kọ ìtàn rẹ sí wà lọ́wọ́ danwei. Kò rọrùn láti wọ òtẹ́ẹ̀lì nílùú mìíràn láìmú lẹ́tà wọn dání, ìwé wọn ni wọ́n sì ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀, títí di ọdún 2003!

Ìbéèrè: Àwọn àgbẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Wọn ò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ló pọ̀ jù. Òfin hukou, ìyẹn ìforúkọsílẹ̀ ibùgbé, ti ọdún 1958 kò jẹ́ kí wọ́n kàn ṣí wá sí ìlú.

Ìbéèrè: Ibo wá ni gbogbo rẹ̀ wọlẹ̀ sí?

Ìdáhùn: Láti ọdún 1986, òṣìṣẹ́ tuntun ń tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn olọ́dún díẹ̀. Lọ́dún 1998, ìjọba fòpin sí ilé pínpín. Ọ̀pọ̀ ló ra yàrá tí wọ́n ń gbé lówó pọ́ọ́kú. Láàárín àkókò yẹn ni àìmọye mílíọ̀nù pàdánù iṣẹ́, pàápàá ní àdúgbò Tiexi ní ìlú Shenyang, níbi tí ilé iṣẹ́ ti pọ̀. Wọn ò pè é ní lílé. "Xiagang" ni wọ́n pè é, ìyẹn ni pé èèyàn sọ̀ kalẹ̀ lórí ipò. Orúkọ wọn ṣì wà nínú ìwé danwei, iṣẹ́ gan-an ni kò sí mọ́.