Ihò USB iwájú kọ̀ǹpútà tó kú: ẹ má tíì sanwó bọ́ọ̀dù

Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí wọ́n ń gbé wá fún mi ni ihò USB iwájú wọn kò mọ fíláàṣì mọ́. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, ẹnìkan á ti sọ fún oní-nǹkan pé bọ́ọ̀dù (motherboard, pátákó ńlá inú àpótí tí gbogbo nǹkan so mọ́) ló ti lọ. Ó máa ń dùn mí, torí owó bọ́ọ̀dù kì í ṣe owó kékeré, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀dù kì í sábà jẹ̀bi.

Àwọn ihò ẹ̀yìn ni wọ́n fi òjé jó mọ́ bọ́ọ̀dù gan-an. Ti iwájú, wáyà ni wọ́n fi fà á wá síwájú, wọ́n sì tẹ orí wáyà náà bọ àwọn pínnì (irin tín-ín-rín) tó dúró lórí bọ́ọ̀dù. Wáyà lè yọ, ihò lè fọ́, pínnì lè tẹ̀.

Ẹ mú fíláàṣì tó dá yín lójú, ẹ fi sí ihò ẹ̀yìn. Bí ẹ̀yìn bá gbà á tí iwájú kọ̀ ọ́, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ̀yìn náà bá kọ̀, fíláàṣì yẹn tàbí Windows ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ má sì jẹ́ kí iná abẹ́ máòsì tó tàn níwájú tàn yín jẹ o. Wáyà mẹ́rin ló wà nínú USB 2.0: pupa àti dúdú ń gbé iná, funfun àti aláwọ̀ ewé ń gbé dátà. Iná lè dé kí dátà má dé. Bó bá jẹ́ hádíìsìkì àfìta nìkan ni iwájú ń kọ̀, tó ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀, iná ló kéré sí i. Iná tí ihò USB 2.0 ń fúnni kò ní ju 500 mA (mílíáḿpíà) lọ, ti USB 3.0 jẹ́ 900 mA, wáyà tín-ín-rín sì ń dín nínú rẹ̀ kó tó dé iwájú. Ẹ̀yìn ni kí ẹ máa lò ó sí.

Ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò náà. Ẹ ó rí ike pẹlẹbẹ kan tí irin wẹ́wẹ́ mẹ́rin tò sí lára. Bí irin kan bá ti tẹ̀ tó sì ń kan irin ẹ̀gbẹ́ ihò, kọ̀ǹpútà mìíràn á kọ ọ́ sójú pé “USB device over current status detected”, ìyẹn ni pé iná tó ń gba ibi USB kọjá ti pọ̀ jù, á sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 15. Ibí yìí gan-an ni wọ́n ti ń sọ pé bọ́ọ̀dù ti kú. Ẹ yọ wáyà iwájú kúrò lára bọ́ọ̀dù, kí ẹ tan án wò. Bó bá tàn tó dúró, ihò yẹn ló ń dà á láàmú.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni ẹ rà, ẹ wo BIOS (ojú ìwé ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ lè ṣí kí Windows tó wọlé) kí ẹ tó mú sukudíráfà. Àwọn ọ́fíìsì kan máa ń ti ihò wọ̀nyí pa kí òṣìṣẹ́ má baà kó fáìlì jáde, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń tà á. Lórí Dell OptiPlex, ẹ tẹ F2 bó ṣe ń tàn, ẹ wá “Enable Front USB Ports” lábẹ́ USB Configuration. Ti HP, F10 ni. Bí ihò bá jẹ́ aláwọ̀ búlúù tí ẹ sì ṣì ń lo Windows 7, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ dráfà (driver, ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo ihò náà) ni kò sí, torí Windows 7 kò gbé ti USB 3.0 wá.

Kí ẹ tó tú àpótí, ẹ yọ wáyà iná pátápátá, ẹ tẹ bọ́tìnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí iná tó ṣẹ́kù tán, kí ẹ sì fọwọ́ kan irin àpótí. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ F_USB tàbí JUSB sí lórí bọ́ọ̀dù. Pínnì 9 ló wà níbẹ̀, 5 ní ìlà kan, 4 ní ìkejì, àyè tó ṣófo yẹn ló ń fi apá tí orí wáyà yóò kọjú sí hàn. Ihò méjì ni ibi kan ṣoṣo yìí ń bọ́, nítorí náà bí ọ̀kan bá ń ṣiṣẹ́ tí èkejì kú, ihò tó kú yẹn tàbí wáyà rẹ̀ ni kí ẹ fura sí. Ti USB 3.0 ní pínnì 19, wáyà rẹ̀ nípọn, ó sì le. Ẹ má fi wáyà fà á. Ẹ di orí rẹ̀ mú, ẹ máa mì ín díẹ̀díẹ̀, torí ẹ̀gbẹ́ kan tí wọ́n bá fi ipá fà ló máa ń tẹ pínnì.

Bọ́ọ̀dù àtijọ́ mìíràn ní ibi tí wọ́n kọ 1394 sí (ti FireWire ni, irú ihò mìíràn tí kì í ṣe USB), pínnì rẹ̀ sì jọ ti USB gẹ́lẹ́. Iná 12 V wà níbẹ̀, 5 V ni USB ń lò. Ẹni tó bá ṣi wáyà fi síbẹ̀ lè jó fíláàṣì rẹ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́.

Bí F_USB mìíràn bá wà, ẹ gbé orí wáyà lọ síbẹ̀. Bí ihò bá jí, pínnì àkọ́kọ́ ló ní àrùn, ẹ máa lo èkejì lọ. Bí kò bá jí, ihò àti wáyà rẹ̀ ni kí ẹ pààrọ̀. Àwọn tó ń tú àlòkù kọ̀ǹpútà ní Computer Village, n’Íkẹjà, máa ń ní in, ṣùgbọ́n ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ, torí orí wáyà Dell àti HP sábà máa ń yàtọ̀ sí ti àpótí lásán. Ẹni tí kò bá fẹ́ tú nǹkan kan lè ra USB hub (ohun kékeré tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀), kó fi sí ihò ẹ̀yìn, kó fa wáyà rẹ̀ wá sórí tábìlì.