Àgọ́ etí òkun tí wọ́n kọ "naturist-friendly" sí: kí ló túmọ̀ sí gan-an?

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi búùkù ẹ̀ o. Ooru mú gan-an ní London lọ́dún yẹn, àwọn ìbejì ti lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá wọn àgbà, mo wá ní kí èmi àti ìyá wọn náà lọ fẹ́ atẹ́gùn létí òkun ní apá Dorset, ká má gba hòtẹ́ẹ̀lì, ká kàn pàgọ́ sí pápá bí àwọn òyìnbó ṣe máa ń ṣe. Mo rí ibì kan lórí fóònù, ó ní igi, ó ní omi, owó ẹ̀ ò ga, wọ́n wá kọ "naturist-friendly" sábẹ́ orúkọ ẹ̀. Mo ní ó dáa, àwọn tó fẹ́ràn ẹyẹ àti ewéko nìyẹn, mo sanwó. Ìgbà tó dalẹ́ ni ìyàwó mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó tún un kà, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ kó mi lọ ṣá?"

Mi ò mọ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ eléyìí, kí ẹlòmíì má bàa kó sí i bíi tèmi.

Ẹni tí wọ́n ń pè ní naturalist, ẹ̀kọ́ nípa ẹranko, kòkòrò àti ewéko ni iṣẹ́ tiẹ̀, irú èèyàn tí Darwin jẹ́. Naturist ní tiẹ̀, aṣọ ló ń bọ́. Lẹ́tà méjì péré ló ya ọ̀rọ̀ méjèèjì, a àti l, àmọ́ lẹ́tà méjì yẹn ni gbogbo aṣọ ọrùn èèyàn.

Àwọn naturist ní àjọ tó kárí ayé, ọdún 1953 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Montalivet nílẹ̀ Faransé, nígbà tó di 1974 wọ́n jókòó ní Agde, ilẹ̀ Faransé kan náà, wọ́n sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà dúró fún: ìgbé ayé tó bá ìṣẹ̀dá mu, tí àwọn èèyàn ti jọ ń wà níhòòhò, kí oníkálukú lè bọ̀wọ̀ fún ara ẹ̀, fún ọmọnìkejì ẹ̀ àti fún àyíká. Ẹ wo ọ̀rọ̀ "jọ" yẹn dáadáa o, òun ni gbogbo ẹ̀ rọ̀ mọ́. Ẹni tó dá nìkan bọ́ra sílẹ̀ ní yàrá ẹ̀, ooru ló mú un, kò tíì di naturist.

Mo mọ nǹkan tó ń lọ lọ́kàn yín. Lọ́dọ̀ tiwa, téèyàn bá bọ́ síta níhòòhò lọ́sàn-án gangan, ohun kan ṣoṣo ló ń wá síni lọ́kàn, pé nǹkan ti yí, tó bá sì lọ wọjà báyẹn, àwọn àgbà á ní kò ṣeé wò mọ́. Torí náà kò rọrùn láti fi èdè wa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí, ìtìjú àti àjálù ti wà nínú "ìhòòhò" kéèyàn tó pè é tán. Ibi tó sún mọ́ ọn jù tí mo lè rò ni odò, nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń lọ wẹ̀ lódò lábúlé, àwọn obìnrin níbi tiwọn, àwọn ọkùnrin níbi tiwọn, gbogbo wọn bọ́ra sílẹ̀, wọ́n ń fi kànìnkànìn ha ẹ̀yìn ara wọn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ owó ẹ̀gúsí. Kò sẹ́ni tó ń wo ẹnì kankan. Ẹni tó bá ń wò gan-an ni wọ́n máa bú. Ohun tí àwọn naturist ń ṣe nìyẹn, àfi pé tiwọn ò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kó ya obìnrin sọ́tọ̀, wọn ò sì dúró dìgbà tí wọ́n bá fẹ́ wẹ̀.

Àwọn ará Jámánì ló ti wà nídìí ẹ̀ tipẹ́, FKK ni wọ́n ń pè é, ìyẹn Freikörperkultur, àṣà kí ara wà lómìnira, kódà nígbà tí ìjọba kọ́múníìsì wà ní Ìlà Oòrùn Jámánì, etí òkun Baltic kún fún wọn. Àmọ́ tó bá jẹ́ ti àgọ́ pípa létí òkun ni, Montalivet tí mo dárúkọ yẹn ni kẹ́ ẹ mọ̀. Albert àti Christine Lecocq, tọkọtaya ni wọ́n, ló ṣí i lọ́dún 1950 sínú igbó igi páìnì tó wà lẹ́yìn òkun Àtìláńtíìkì, ó ṣì wà di bí mo ṣe ń sọ yìí. Ní 1961, Koversada ṣí ní Vrsar, ní ilẹ̀ tó ti di Croatia báyìí, Yugoslavia ni nígbà yẹn. Ní England, ọdún 1980 ni ìjọba ìbílẹ̀ Brighton ya apá kan etí òkun wọn sọ́tọ̀ fún wọn, ariwo náà ò sì kéré.

Ó dáa, "friendly" wá ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Ibi tó bá pe ara ẹ̀ ní naturist pátápátá, tí kò fi "friendly" kún un, ohun tí wọ́n ń retí ni pé tí oòrùn bá ti ràn ẹ máa bọ́ aṣọ, pàápàá jù lọ nínú omi ìlúwẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ níbẹ̀ ni kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wọ bíkínì tàbí pátá wọnú ẹ̀ rárá, àwọn míì á tún béèrè káàdì ẹgbẹ́ lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó ṣí géètì. Ibi tó bá kọ "clothing optional", ìyẹn ni pé ó wù yín ẹ wọ̀ ọ́, ó wù yín ẹ bọ́ ọ, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Ṣùgbọ́n "naturist-friendly", kò sí òfin kankan tó sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ rí. Ibi àgọ́ lásán ni, bí èyí tí gbogbo ayé ń lọ, ẹni tó ni ín ló kàn ń sọ pé táwọn naturist bá dé, òun ò ní lé wọn. Ó lè jẹ́ igun pápá kan ló fún wọn, lẹ́yìn ọgbà. Ó lè jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dún. Ó sì lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń bọ́ra nínú pápá náà rárá, pé etí òkun tí wọ́n ti ń bọ́ra ló wà nítòsí, onílé wá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun gbà wọ́n lálejò. Ọ̀rọ̀ kan náà, ibi mẹ́ta, nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èmi ò rò pé ó dáa bí wọ́n ṣe ń lò ó yẹn, kí wọ́n sọ ohun tó wà níbẹ̀ ní gbangba jàre.

Èyí tó wọ́pọ̀ ní Dorset ni èyí tó kẹ́yìn yẹn, torí Studland. Lábẹ́ National Trust, àjọ aláàánú tó ń tọ́jú ilẹ̀ àti ilé àtijọ́, ni etí òkun náà wà, wọ́n ya apá kan níbẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn naturist, wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀ tó ń fi ààlà hàn, wọ́n gbé pátákó síbẹ̀ pé láti ibí lọ ẹ lè rí àwọn naturist. Ẹni tí kò bá fẹ́ rí wọn á ṣẹ́rí padà, kò sí ìjà. Òfin England àti Wales náà ò sọ pé ìhòòhò nìkan jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ohun tí òfin ọdún 2003 lòdì sí ni kéèyàn ṣí nǹkan ọmọkùnrin tàbí ti obìnrin ẹ̀ sílẹ̀ torí pé ó fẹ́ dẹ́rù ba ẹlòmíì tàbí kó kó ìdààmú bá a. Scotland ní òfin tiẹ̀, ẹ má fi ti England rìn níbẹ̀. Ẹ má sì gbìyànjú ẹ̀ létí òkun Èkó o, ilé ẹjọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ máa parí sí, tí àwọn èrò bá jẹ́ kẹ́ ẹ débẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ bí tiwa ṣe lọ. Ìrọ̀lẹ́ la dé, òjò ń rọ̀, gbogbo èèyàn wọ kóòtù, ọkàn mi balẹ̀, mo ní ẹ ò rí i, ẹnu lásán ni. Ọjọ́ kejì, oòrùn yọ, mo ń bá èèkàn àgọ́ tó ń yọ jà, bàbá kan tó máa tó ẹni àádọ́rin ọdún bọ́ sí iwájú wa, ó wọ súwẹ́tà, ó wọ bàtà òjò dé orókún, láàárín súwẹ́tà àti bàtà kò sí nǹkan kan. Ó gbé abọ́ tó kún fún àwo ìdọ̀tí, ó ń lọ fọ̀ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi. Ó kí wa, ó ní ṣé òjò ò wọlé bá wa mọ́jú. Ìyàwó mi dorí kodò ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka koríko. Èmi náà, kí ni mo fẹ́ ṣe, ẹni tó dàgbà tó bàbá mi, mo ti fẹ́ẹ̀ dọ̀bálẹ̀ kí n tó rántí ibi tí mo wà, mo kàn tẹjú mọ́ abọ́ àwo yẹn, mo ní òjò ò wọlé sà. Ó padà sí àgọ́ ẹ̀, ó mú òòlù wá fún wa ká fi kan èèkàn. Bẹ́ẹ̀ lẹ̀rù ṣe kúrò. Ẹni tó yá yín lóòlù, ẹ ò ní fi nǹkan míì rántí ẹ̀.

Nǹkan tí mo wá rí níbẹ̀ ni pé òfin ń bẹ láàárín wọn ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Àkọ́kọ́ ni tówẹ̀lì. Naturist ò lọ síbì kankan láìmú tówẹ̀lì, èjìká ló máa ń wà, tó bá fẹ́ jókòó, ì báà jẹ́ sórí àga ara ẹ̀, ì báà jẹ́ bẹ́ǹṣì gbogbo èèyàn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ́ ẹ, torí ìmọ́tótó ni, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, ta ló máa jókòó sórí ìdí ẹlòmíì? Mo rí ìyá kan tó kàn nàró fún bíi ogún ìṣẹ́jú nídìí tíì torí pé ó gbàgbé tiẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, kò sì gbà kí wọ́n yá òun ní tiwọn. Lẹ́yìn ìyẹn, kámẹ́rà. Ẹ má yọ fóònù sókè, kódà tó bá jẹ́ òkun lẹ fẹ́ yà. Ojú ni kẹ́ ẹ máa wò tẹ́ ẹ bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ẹ má wo ìsàlẹ̀, ẹ má sì wojú sánmà bíi pé ẹ ń wá ẹyẹ. Ẹni tó bá sì mú ìṣekúṣe wá, wọ́n á ní kó ká àgọ́ ẹ̀ ní wéréwéré.

Wọ́n sì ń wọṣọ o! Tí òtútù bá mú, wọ́n á wọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá ń dín nǹkan, épúrọ́ọ̀nù ń bẹ lára wọn, epo gbígbóná ò mọ naturist. Ìyàwó mi din dòdò lọ́jọ́ kejì, ìyá oní-tíì yẹn ló fún un ní épúrọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ìyàwó mi ti wọ jíǹsì àti súwẹ́tà méjì.

Ẹni tó bá máa bọ́ ọ, kó mọ̀ pé ibi tí oòrùn ò tíì dé rí lára ló máa kọ́kọ́ jó, kó fi ìpara oòrùn síbẹ̀, àwa tá a dúdú náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Igbó kékeré tó wà lẹ́yìn òkun ní Studland yẹn ní eégbọn, ara tí kò láṣọ ló sì ń wá, ó lè kó àìsàn Lyme ranni, kẹ́ ẹ máa yẹ ara yín wò lálẹ́, abíyá, àárín itan, ẹ̀yìn orókún. Paramọ́lẹ̀ tiwọn náà wà níbẹ̀, ẹ wọ bàtà. Omi òkun náà, ní oṣù kẹjọ tí wọ́n ní ó gbóná jù, bíi 17 sí 18 ló wà lórí òṣùwọ̀n Celsius, mo ki ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́, mo yọ ọ́.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ pe nọ́ńbà wọn. Ẹ bi wọ́n pé ṣé inú pápá ni wọ́n ti ń bọ́ra ni àbí létí òkun nìkan, ṣé ojoojúmọ́ ni àbí ọjọ́ kan pàtó, ṣé ẹni tí kò fẹ́ bọ́ra lè wọ omi ìlúwẹ̀ẹ́, ṣé wọ́n ń gba ọkùnrin tó dá wá, torí àwọn kan wà tí kì í gbà á. Wọn ò ní bínú, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dáhùn ẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin la lò. Èmi wọ ṣòkòtò pénpé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sẹ́ni tó wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kẹta ni oòrùn wá mú gidi, ìyàwó mi jókòó síwájú àgọ́, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ṣí wíìgì orí ẹ̀, ó jù ú sínú àgọ́, ó ní, "Ó parí, Bàbá Ìbejì, èmi náà ti di naturist."