Yíyọ tẹ́mósítáàtì kò ní kí lọ́rì 911 má gbóná

Bí ẹ bá gbé lọ́rì àtijọ́ tó ń gbóná jù lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, yálà ní Ìbàdàn tàbí ní Kútọnú, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ nìyí: "Ẹ jẹ́ ká yọ tẹ́mósítáàtì ẹ̀ dànù. Òtútù ìlú òyìnbó ni wọ́n ṣe é fún. Kí ni tiwa nínú ẹ̀, nínú oòrùn yìí?" Tẹ́mósítáàtì ni ilẹ̀kùn kékeré tí kì í jẹ́ kí omi ẹ́ńjìnì lọ sí rédíétọ̀ kó tó gbóná. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á dé ojú ilé rẹ̀ padà, gééjì tó ń sọ bí ẹ́ńjìnì ṣe gbóná tó á sì wálẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ á dúpẹ́, á sanwó, á máa lọ.

Ìgbàgbọ́ òdì ni. Kì í wo ohun tó ń mú ẹ́ńjìnì gbóná sàn, ó sì ń jẹ ẹ́ńjìnì náà díẹ̀díẹ̀ láì pariwo. Àwọn awakọ̀ tó ń fi 911 ru yanrìn àti pákó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kọ́ ló ń pa lára jù, nítorí iṣẹ́ àṣekára ń mú ẹ́ńjìnì tiwọn gbóná, ó fẹ́, ó kọ̀. Àwa tí a ra ọkọ̀ náà torí ìfẹ́, tí à ń tún un ṣe lópin ọ̀sẹ̀, tí a sì ń wà á lófìfo ní kìlómítà díẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, àwa gan-an ni ó ń pa lára.

Ẹ́ńjìnì tó wà nínú ọ̀pọ̀ 911 àti 1113, tí méjèèjì jẹ́ lọ́rì Mercedes, ni OM 352, tí Mercedes gbé jáde ní 1964. Sílíńdà mẹ́fà ló ní, ihò kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mílímítà 97, pístìn sì ń rin mílímítà 128 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ lítà 5.7 ó dín díẹ̀. Kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń tanná sí epo. Afẹ́fẹ́ tí pístìn fún pọ̀ ló ń gbóná débi pé dísẹ́ẹ̀lì tí nọ́sù fọ́n sínú rẹ̀ á gbiná fúnra rẹ̀. Bí ògiri sílíńdà bá wá tutù, á máa fa ooru afẹ́fẹ́ yẹn mọ́ra. Dísẹ́ẹ̀lì á pẹ́ kó tó gbiná, òmíràn nínú rẹ̀ ò tiẹ̀ ní jó rárá. Apá kan èyí tí kò jó á bá sálẹ́ńsà jáde, òun ni èéfín funfun tó ń ta ojú yẹn. Ìyókù á máa ṣàn lára ògiri sílíńdà, á fọ ọ́ìlì tó yẹ kó wà láàárín ríìngì tó yí pístìn ká àti irin kúrò, á sì lọ dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì ìsàlẹ̀. Ọ́ìlì á wá fúyẹ́, kò ní lè gba irin lọ́wọ́ irin mọ́. Ẹlòmíràn á fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ lẹ́yìn oṣù méjì, á rí i pé ó ga ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, inú rẹ̀ á sì dùn pé ẹ́ńjìnì òun kì í jẹ ọ́ìlì. Dísẹ́ẹ̀lì ló ń pọ̀ níbẹ̀.

Ó tún ku ti ásíìdì. Bí dísẹ́ẹ̀lì bá ń jó, omi máa ń ti inú rẹ̀ jáde bí ooru omi gbígbóná, sọ́fọ̀ (imí ọjọ́) inú epo náà sì ń jó pẹ̀lú. Níbi tí irin ti gbóná, àwọn méjèèjì á bá èéfín jáde. Níbi tí irin ti tutù, wọ́n á di omi padà, wọ́n á sì di ásíìdì tó ń jẹ ríìngì àti ojú sílíńdà. Ẹ ṣí ìdérí tí à ń gbà da ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnì lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ọkọ̀ náà jáde fún ìgbà díẹ̀ láì gbóná dáadáa: nǹkan funfun tó ki bí ògì tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀ ni omi tó ti pò pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Lára lọ́rì tí kì í lọ ọ̀nà jíjìn, tẹ́mósítáàtì tí kò sí ló sábà máa ń fà á, kì í ṣe tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín hẹ́ẹ̀dì àti búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnì. Ẹ kọ́kọ́ yẹ èyí wò kí ẹnikẹ́ni tó bá yín tú hẹ́ẹ̀dì sílẹ̀.

Pístìn náà ní tirẹ̀. Alumíníọ́ọ̀mù ni, irin sì ni sílíńdà tó ń rìn nínú rẹ̀. Alumíníọ́ọ̀mù ń wú ju irin lọ bí ooru bá mú un, nítorí náà àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnì fi àyè sílẹ̀ láàárín méjèèjì, wọ́n sì ṣírò àyè náà fún ìgbà tí omi bá wà ní nǹkan bí 80 sí 90 dígírì. Bí omi bá ń wà ní 50 ṣáá, àyè náà fẹ̀ jù: pístìn á máa gbá ògiri, afẹ́fẹ́ á máa gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì sọ̀ kalẹ̀, ẹ́ńjìnì á sì máa gbó ṣáájú ọjọ́ rẹ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ pé oòrùn wa ti tó: bí ilẹ̀ bá gbóná tó 38 dígírì ní Ìlọrin, 80 ṣì jìnnà sí i. Ẹ́ńjìnì tí rédíétọ̀ ń mú omi rẹ̀ tutù láti ìgbà tí wọ́n ti ṣíná sí i ò ní gbóná tó bó ṣe yẹ lórí ìrìn kékeré, ì báà jẹ́ oṣù kẹta ọdún.

Ẹ wá jẹ́ ká wo nǹkan náà fúnra rẹ̀. Tẹ́mósítáàtì ò ní wáyà, kò gba iná. Ife kékeré kan wà láàárín rẹ̀, ìda ló kún inú ife náà. Ní ìwọ̀n ooru tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, tó sábà máa ń wà ní àyíká 80 dígírì, ìda á yọ́, á wú, á ti ọ̀pá kan, ọ̀pá náà á sì ṣí ilẹ̀kùn. Tó bá fi gbóná ní dígírì 10 sí 15 sí i, ilẹ̀kùn ti ṣí pátápátá, kò sì ní dí omi lọ́wọ́ mọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò kíyè sí ni pé ilẹ̀kùn méjì ló ní. Èyí òkè ló ń sé ọ̀nà rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù. Èyí ìsàlẹ̀, àwo pẹlẹbẹ kan tí sípíríńgì gbé dúró, ló ń sé ọ̀nà àbùjá nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná. Ọ̀nà àbùjá yìí ni páìpù kúkúrú tó ń dá omi padà tààrà sínú wọ́tà pọ́ǹpù láì jẹ́ kó dé rédíétọ̀ rárá.

Bí ẹ bá yọ tẹ́mósítáàtì, ilẹ̀kùn méjèèjì lẹ yọ. Ọ̀nà àbùjá á wà ní ṣíṣí títí ayé. Omi sì máa ń gba ibi tó bá rọrùn fún un, páìpù kúkúrú yẹn sì rọrùn ju ọ̀nà tóóró inú rédíétọ̀ àtijọ́ lọ. Ẹ́ńjìnì á wá máa gba omi gbígbóná tirẹ̀ padà. Nígbà tí ọkọ̀ bá ṣófo tí ó ń lọ jẹ́jẹ́, ẹ ò ní mọ̀, torí ooru ò pọ̀, èyí tó dé rédíétọ̀ nínú omi náà ti tó. Ìdí tí gééjì fi wálẹ̀ nìyẹn. Ẹ ru sìmẹ́ǹtì, kí ẹ wá gun òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè ní ọ̀sán: ibẹ̀ ni gééjì á ti padà gòkè, ó sì lè ga ju ti ìgbà tí tẹ́mósítáàtì wà níbẹ̀ lọ.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń gbèjà tẹ́mósítáàtì tí wọ́n sì ń fi àṣìṣe mìíràn gbè é. Wọ́n á ní bí kò bá sí níbẹ̀, omi á máa sáré jù nínú rédíétọ̀, kò ní rí àyè tutù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí omi bá ń yára kọjá nínú rédíétọ̀, ooru tó ń bọ́ lára rẹ̀ ń pọ̀ sí i ni. Omi tí kò kọjá níbẹ̀ rárá ni ìṣòro.

Kí ló wá ń mú 911 gbóná gan-an? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn. Ìdérí rédíétọ̀ ni àkọ́kọ́: ó gbọ́dọ̀ dá ìtẹ̀ omi dúró, torí omi tí a tẹ̀ kì í tètè ho. Bí rọ́bà abẹ́ rẹ̀ bá ti gan tàbí ya, omi á máa tú jáde kí 100 dígírì tó pé. Ẹ ra èyí tí nọ́ńbà ojú rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu. Lẹ́yìn náà, fánbẹ́ẹ̀tì: ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ ní àárín ibi tó gùn jù; kó wọlé ní mílímítà 10 sí 15. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń yọ̀, fáànù àti wọ́tà pọ́ǹpù ò sì yí tó. Ẹ wo ike tàbí páànù tó yí fáànù ká. Àìmọye lọ́rì ni wọ́n ti jù ú nù nígbà tí wọ́n ń tún rédíétọ̀ ṣe, láìsí i sì ni fáànù á máa fẹ́ afẹ́fẹ́ kan náà yíká. Ẹ fi omi fọ rédíétọ̀ láti ìhà ẹ́ńjìnì wá síwájú, kí erùpẹ̀ pupa àti kòkòrò tó ti há sáàárín rẹ̀ lè jáde síbi tí wọ́n gbà wọlé.

Bó bá ṣì ń gbóná, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ ṣiṣẹ́ títí rédíétọ̀ á fi gbóná, ẹ pa á, kí ẹ wá fi ọwọ́ kan ojú rédíétọ̀ káàkiri pẹ̀lú ìṣọ́ra. Ibi tó bá tutù láàárín ibi tó gbóná ti dí. Ẹ tún tẹ àsẹ́lẹ́rétọ̀ nígbà tí ẹnì kejì ń wo họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀: bó bá ń fún pọ̀, sípíríńgì inú rẹ̀ ti jẹrà tán. Tí ẹ bá sì ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, tí ẹ ṣíná, tí ìfófòó ń jáde láì dáwọ́ dúró bí ẹ ṣe ń tẹ àsẹ́lẹ́rétọ̀, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì lẹ ó máa wò nígbà náà.

Ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ pé tẹ́mósítáàtì fúnra rẹ̀ lè kú ní títì, pàápàá nínú omi tó kún fún ìpẹtà. Kò yẹ ká máa fojú díwọ̀n rẹ̀, ìkòkò omi ló ń sọ òtítọ́. Ẹ fi òwú há ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ fi òwú náà gbé e kọ́ sínú omi, kó má kan ìdí ìkòkò, torí ìdí ìkòkò gbóná ju omi lọ. Ẹ ki ohun tí à ń fi wọn ooru bọ omi, kí ẹ sì dáná sí i jẹ́jẹ́, ẹ máa rò ó. Bí ilẹ̀kùn bá ṣe ń là, òwú á tú sílẹ̀, tẹ́mósítáàtì á sì já bọ́ sínú omi. Ẹ ka ìwọ̀n ooru ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an. Tó bá fi dígírì 3 yàtọ̀ sí nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, kò burú. Nígbà tí omi bá ń ho, kí ilẹ̀kùn ṣí ní nǹkan bíi mílímítà 8. Tí ẹ bá sì gbé e jáde, kó padà tì pátápátá. Tuntun náà, ẹ dán an wò kí ẹ tó lò ó, torí ayédèrú pọ̀.

Láti fi í sí i, kí ẹ́ńjìnì tutù. Ẹ tú lítà mẹ́rin sí márùn-ún lára omi rédíétọ̀ sínú báàfù. Ilé tẹ́mósítáàtì wà níwájú hẹ́ẹ̀dì, níbi tí họ́ọ̀sì òkè ti so mọ́ ẹ́ńjìnì. Lọ́pọ̀ ìgbà sípánà 13 ló ń tú u. Ẹ fi ọ̀bẹ ha gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò títí irin á fi dán. Ife ìda ló gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹ́ńjìnì, ihò kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde sì gbọ́dọ̀ wà lókè. Ẹ lo gásíkẹ́ẹ̀tì bébà tuntun. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù kún un yọ́bọ́yọ́bọ́, torí èyí tó bá ṣù sínú á já, á lọ dí rédíétọ̀. Ẹ máa fún nọ́ọ̀tì ní díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kí ojú ilé náà má baà dà. Ẹ wá bu omi padà jẹ́jẹ́, kí ẹ ṣíná láì dé rédíétọ̀. Họ́ọ̀sì òkè gbọ́dọ̀ tutù fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà kó gbóná lójijì. Bó bá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ilẹ̀kùn ò tì tàbí kò sí níbẹ̀. Nígbà tó bá ṣí, omi á lọ sílẹ̀ nínú rédíétọ̀. Ẹ kún un, kí ẹ sì dé e.

Omi kànga àti bóòhóòlù ní èròjà tó ń gan mọ́ inú ẹ́ńjìnì. Omi òjò tí ẹ sẹ́ tàbí omi bátìrì (omi lásán tó mọ́, kì í ṣe ásíìdì rẹ̀) ni kí ẹ pò mọ́ kúláǹtì, ìdajì sí ìdajì. Yìnyín ò kàn wá, àmọ́ kúláǹtì ní ohun tó ń dènà ìpẹtà, ó sì ń jẹ́ kí omi pẹ́ kó tó ho. Bí omi tó ń jáde bá pupa, ẹ kọ́kọ́ fi ásíìdì sítríìkì fọ inú rẹ̀, gíráàmù 50 sí 100 sí lítà omi kan. Ẹ wà á títí á fi gbóná, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i, ẹ tú u dànù nígbà tó bá tutù, kí ẹ sì fi omi lásán ṣàn án títí á fi mọ́.

Bí tẹ́mósítáàtì bá kú ní títì lójú ọ̀nà, ẹ lè yọ ọ́ kí ẹ fi délé, lófìfo, láì sáré. Kí tuntun wọlé lọ́sẹ̀ yẹn. Kò wọ́n: wọ́n ṣe OM 352 ní Jámánì, wọ́n sì ṣe é ní Brazil pẹ̀lú fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣì wà ní Araromi ní Agodi Gate àti ní Ládípọ̀ ní Mushin. Ẹ mú àtijọ́ dání lọ, kí ẹ fi àwo ìsàlẹ̀ wé àwo ìsàlẹ̀. Èyí tí kò bá ní àwo yẹn, ẹ dá a padà fún wọn, bó ti wù kó bá ilé rẹ̀ mu tó.