Báwo ni a ṣe mọ ìtàn àwọn tí kò fi àkọsílẹ̀ kankan sílẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wọ ẹ̀ka ìmọ̀ ìtàn ní yunifásítì sábà máa ń retí pé orúkọ ọba, ogun àti ọdún ni wọn yóò kọ́kọ́ fi kọ́ òun. Nínú ẹ̀kọ́ lórí ayé tí ó ṣáájú ìkọ̀wé àti lórí àwọn ìlú ńlá àkọ́kọ́, òkúta, eegun àti àpáàdì ni ó máa ń bá pàdé. Ó yẹ kí ohun tí ó rí níbẹ̀ rú u lójú, nítorí pé àwọn ìbéèrè tí ó ń ti inú rẹ̀ jáde jinlẹ̀ gan-an.

Ìbéèrè: Bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, ta ni ó sọ ọ́ fún àwọn òpìtàn?

Ìdáhùn: Ilẹ̀ ni. Gbogbo ohun tí ènìyàn bá lò tí ó sì jù nù, ìbáà ṣe àpáàdì, èédú ibi ìdáná, eegun ẹran tàbí òkúta tí ó fi ń gé nǹkan, ilẹ̀ a máa bò ó mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tí ó wà nísàlẹ̀ fi sábà máa ń pẹ́ ju èyí tí ó wà lókè lọ. Àwọn awalẹ̀pìtàn kì í gbẹ́ ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń wá ìṣúra. Ìpele-ìpele ni wọ́n ń ṣí i, wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì ń kọ ibi tí wọ́n ti rí ohun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan wà nítòsí wa tí ó wù mí kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Ní ọdún 1965, Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ walẹ̀ ní Ihò Eléérú, ihò àpáta kan lẹ́bàá Ìsàrun, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ìwé Òyìnbó ń kọ ní Iwo Eleru. Ní àwọn ìpele òkè, wọ́n rí àpáàdì àti àáké òkúta tí a lọ̀ títí ó fi dán. Ní ìsàlẹ̀, kò sí ìkòkò rárá, àfi ọ̀pọ̀lọpọ̀ òkúta kéékèèké tí a ṣá di irinṣẹ́. Nítòsí ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti bá òkú ènìyàn kan tí a sin. Láti inú ètò ilẹ̀ yìí, láìsí ọ̀rọ̀ kan tí a kọ, a mọ̀ pé àwọn ènìyàn ti ń gbé inú igbó wa fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí wọ́n tó mọ ìkòkò mímọ, àti pé wọ́n ń sin òkú wọn.

Òdìkejì rẹ̀ ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ère amọ̀ Nok ní àárín gbùngbùn Nàìjíríà, tí àwọn olè hú, tí wọ́n sì tà sí òkè òkun. Ère náà ṣì lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ bóyá ojú oórì, ojúbọ tàbí ibi ìdáná ni ó wà kí wọ́n tó hú u. Àdánù yìí dùn mí púpọ̀, nítorí pé ilẹ̀ tí a bá ti tú kò ṣeé tún tò.

Ìbéèrè: Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ọjọ́ orí ohun tí wọ́n hú?

Ìdáhùn: Ọ̀nà tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ni ti kábọ́ọ̀nù 14. Igi, ẹranko àti ènìyàn ń gba irú kábọ́ọ̀nù yìí sára láti inú afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá wà láàyè. Bí wọ́n bá kú, wọn kì í gba òmíràn mọ́, èyí tí ó wà lára wọn a sì máa dín kù ní ìwọ̀n tí kì í yí padà: ìdajì rẹ̀ a lọ láàárín nǹkan bí ọdún 5,730, ìdajì èyí tí ó ṣẹ́ kù a tún lọ láàárín ọdún 5,730 mìíràn. Willard Libby àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Chicago ni wọ́n gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1940, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1960.

Èédú tí wọ́n rí nítòsí òkú Ihò Eléérú kò ní ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin kábọ́ọ̀nù 14 rẹ̀ lọ mọ́, ìṣirò wọn sì gbé e sí nǹkan bí ọdún 11,200. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n kábọ́ọ̀nù yìí nínú afẹ́fẹ́ kò dọ́gba láti ìgbà dé ìgbà. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ máa ń fi òrùka inú igi àtijọ́, tí ó ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, àti àwọn ẹ̀rí mìíràn ṣe àtúnṣe sí ìṣirò wọn. Lẹ́yìn àtúnṣe náà, ọjọ́ orí Ihò Eléérú sún mọ́ ọdún 13,000. Ibi tí ó ti ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu nìyí: nígbà tí wọ́n tún agbárí náà yẹ̀ wò, tí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011, wọ́n rí i pé ìrísí rẹ̀ jọ ti àwọn ènìyàn tí ó ti gbé ayé ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú rẹ̀. Kì í ṣe ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó tọ́ ni ìran ènìyàn gbà dé ibi tí a wà yìí.

Ọ̀nà kábọ́ọ̀nù ní ààlà. Kò lè ka ọjọ́ orí òkúta, bẹ́ẹ̀ ni kò wúlò fún ohun tí ó ti pẹ́ ju nǹkan bí ọdún 50,000 lọ. Fún eegun Lucy, ẹ̀dá àtijọ́ kan tí ó jọ ènìyàn, tí wọ́n rí ní Etiópíà ní 1974, èérú òkè ayọnáyèéfín tí ó wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò kí wọ́n tó lè sọ pé ó ti tó mílíọ̀nù ọdún mẹ́ta ó lé díẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ni ó mú kí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé?

Ìdáhùn: Ìṣirò ọjà àti oúnjẹ ni, ó kéré tán ní Uruk, ìlú àtijọ́ kan ní gúúsù Ìráàkì òde òní. Àwọn wàláà amọ̀ tí ó pẹ́ jù níbẹ̀, tí wọ́n ti tó ọdún 3300 tàbí 3200 ṣáájú ìbí Kristi, kò gbé orin tàbí ìtàn akọni dání. Iye ọkà báálì, ọtí, àgùntàn àti oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ronú jinlẹ̀ lórí èyí. Ohun tí àwọn alábòójútó àká fẹ́ rántí ni àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ fi pamọ́ fún wa, ohùn àgbẹ̀ tí ó kó ọkà náà wá kò sì sí níbẹ̀. Bí a bá fẹ́ mọ bí ó ṣe gbé ayé, a ó tún padà sídìí eegun àti àpáàdì.

Ìbéèrè: Ṣé ìlú lè ní àmì ìkọ̀wé tí ẹnikẹ́ni kò lè kà?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni. Mohenjo-daro àti Harappa, ní Pakísítánì òde òní, gbilẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún 2600 sí 1900 ṣáájú ìbí Kristi. Bíríkì wọn ń tẹ̀ lé ìwọ̀n kan náà láti ìlú dé ìlú, ojú ìdaminù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé wọn, òǹtẹ̀ wọn sì kún fún àmì. Ṣùgbọ́n àmì bíi márùn-ún péré ni ó sábà máa ń wà lórí òǹtẹ̀ kan, a kò sì tíì rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ kan náà ní èdè mìíràn tí a gbọ́, irú èyí tí ó ran Champollion, onímọ̀ ará Faransé, lọ́wọ́ láti ka àkọsílẹ̀ Íjíbítì ní 1822. Nítorí náà a kò mọ orúkọ ọba wọn kankan, a kò tilẹ̀ lè fi gbogbo ẹnu sọ pé wọ́n ní ọba.

Ìbéèrè: Ṣé àwùjọ tí kò kọ̀wé lè wà lára àwọn ọ̀làjú àtijọ́?

Ìdáhùn: Awalẹ̀pìtàn V. Gordon Childe gbé àmì mẹ́wàá kalẹ̀ ní 1950 tí a lè fi dá àwọn ìlú ńlá àkọ́kọ́ mọ̀, ìkọ̀wé sì wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ ṣì ń tẹ̀ lé e. Èmi kò gbà pé ó tọ́ kí a fi ìkọ̀wé ṣe òté. Àwọn Inca ní Gúúsù Amẹ́ríkà ṣàkóso ilẹ̀ gbalasa pẹ̀lú okùn tí a ta ní kókó láti fi ka iye nǹkan. Ní Ilé-Ifẹ̀, láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀, wọ́n rọ àwọn orí idẹ tí a hú nítòsí ààfin ní 1938, wọ́n sì ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ dígí ní Igbó Olókun. Nígbà tí Leo Frobenius, onímọ̀ ará Jámánì, dé ibẹ̀ ní 1910, ó so àwọn ère tí ó rí níbẹ̀ mọ́ àwọn Gíríìkì àti ìtàn ilẹ̀ Atlantis. Ìwalẹ̀ àti àyẹ̀wò èròjà dígí náà ni ó fi hàn pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ni.

Ìbéèrè: Ìtàn àtẹnudẹ́nu ńkọ́?

Ìdáhùn: Ó wúlò gidigidi fún ìtàn ìlú àti ti ìran ọba, àwọn òpìtàn Ìbàdàn sì wà lára àwọn tí ó jẹ́ kí ayé gbà bẹ́ẹ̀ láti àwọn ọdún 1950. Ṣùgbọ́n oríkì kankan kò lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a sin sí Ihò Eléérú.

Ìbéèrè: Kí ni ó dé tí àwọn ìwé ẹ̀kọ́ kò fi bá ara wọn mu?

Ìdáhùn: Nítorí pé ilẹ̀ ṣì ń mú ohun tuntun jáde. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń kọ́ni pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dé, pé ìlú tẹ̀ lé e, àti pé lẹ́yìn náà ni a tó lè kọ́ ilé ìsìn ńlá. Klaus Schmidt bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ ní Göbekli Tepe ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì ní 1995, ó sì bá àwọn òpó òkúta gbọ̀ngbọ̀nràn tí a gbẹ́ àwòrán ẹranko sí lára, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 9500 ṣáájú ìbí Kristi. Àwọn tí ó gbé wọn ró ṣì ń ṣọdẹ, wọ́n sì ń ṣa èso àti ọkà inú igbó jẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń múra ìdánwò gbọ́dọ̀ wo ọdún tí a tẹ ìwé tí ó ń kà, kí ó sì béèrè nípa gbólóhùn kọ̀ọ̀kan: kí ni a rí, níbo ni ó wà nínú ilẹ̀, ọ̀nà wo ni a sì gbà mọ ọjọ́ orí rẹ̀?