Férémù kẹ̀kẹ́ ojú títì

Férémù ni egungun kẹ̀kẹ́ ológeere. Òun ló so táyà méjèèjì, gàárì, pẹ́dà àti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ pọ̀. Nǹkan mẹ́rin ni wọ́n sábà fi ń ṣe férémù kẹ̀kẹ́ ojú títì: irin, aluminíọ̀mù, titaníọ̀mù àti fáíbà kábọ́ọ̀nù. Ọ̀pọ̀ agunkẹ̀kẹ́ máa ń sọ pé irin rọ ara lọ́rùn, pé aluminíọ̀mù a sì máa gbọn ni jìgìjìgì. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàì ní òótọ́ díẹ̀ nínú, àmọ́ bí páìpù ṣe fẹ̀ tó àti bí ara rẹ̀ ṣe nípọn tó lágbára ju ohun tí a fi rọ ọ́ lọ.

Gígan àti ìwúwo

Gígan ni bí nǹkan ṣe ń kọ̀ láti tẹ̀, GPa (gigapásíkà) ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Gígan irin tó nǹkan bíi GPa 200, ti titaníọ̀mù tó 110, ti aluminíọ̀mù tó 70. Ìwúwo wọn náà tẹ̀lé ara wọn bẹ́ẹ̀: bí irin bá wúwo tó gíráàmù 7.8 fún sẹ̀ntímítà kúbíìkì kọ̀ọ̀kan, titaníọ̀mù á jẹ́ 4.5, aluminíọ̀mù á jẹ́ 2.7. Tí a bá fi ìwúwo pín gígan, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ibi tí ìyàtọ̀ ti ń wá ni páìpù. Bí a bá sọ fífẹ̀ páìpù di ìlọ́po méjì, tí ara rẹ̀ kò sì nípọn sí i, ìwúwo rẹ̀ á di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n gígan rẹ̀ á di bí ìlọ́po mẹ́jọ. Páìpù òkè férémù irin àtijọ́ sábà máa ń fẹ̀ tó mílímítà 25.4, ti ìsàlẹ̀ sì máa ń fẹ̀ tó 28.6, ti aluminíọ̀mù tòní tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Kẹ̀kẹ́ méjì fi èyí hàn kedere. Vitus 979 ti ilẹ̀ Faransé, tí Sean Kelly, agunkẹ̀kẹ́ ọmọ Ireland, gùn nínú ìdíje, ní páìpù aluminíọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi àtè lẹ̀ pọ̀. Títẹ̀ ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Cannondale ti Amẹ́ríkà gbé tirẹ̀ jáde ní 1983 pẹ̀lú páìpù ńlá, gígan ni wọ́n sì mọ ìyẹn mọ́. Aluminíọ̀mù ni méjèèjì.

Irin àti titaníọ̀mù

Reynolds 531, tó jáde ní 1935, jẹ́ páìpù irin tó nípọn ní ìpẹ̀kun, tó fẹ́lẹ́ láàárín, kí ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ lè lágbára láìwúwo jù. Irin máa ń dípẹtà, àmọ́ ó rọrùn láti tún ṣe. Bí ẹrù tó ń tẹ irin tàbí titaníọ̀mù kò bá kọjá ìwọ̀n kan, àárẹ̀, ìyẹn títẹ̀ léraléra, kì í tètè fọ́ wọn. Aluminíọ̀mù kò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀.

Kábọ́ọ̀nù

Fáíbà kábọ́ọ̀nù jẹ́ fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi àtè lẹ̀ pọ̀; ibi tí wọ́n bá kọjú fáíbà sí ni yóò ti gan. Férémù kan náà lè gan nídìí pẹ́dà, kó sì rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ gàárì. Greg LeMond, agunkẹ̀kẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, fi férémù kábọ́ọ̀nù gba Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé, ní 1986. Tí kẹ̀kẹ́ kábọ́ọ̀nù bá ṣubú, férémù rẹ̀ lè fọ́ nínú láìhàn síta.

Ohun tí ara ń gbọ́

Onígun mẹ́ta ni férémù, nítorí náà kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lóòró. Táyà ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú gbígbọ̀n títì, ọ̀pá gàárì tẹ̀lé e. Kí a tó lè fi férémù méjì wéra, táyà wọn, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ àti ọ̀pá gàárì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Láti táyà tó fẹ̀ tó mílímítà 23 bọ́ sí 28 nìkan ti tó láti yí bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń rìn lábẹ́ ẹni padà.